Ìdí Tí Igi Ẹ̀gbẹ́ Títì Fi Ń Forí Korí

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo igi ṣì ń nàró ṣánṣán tí wọ́n ń wo ọ̀run, Títì kan wà láàárín ìlú tí inú rẹ̀ kì í dùn. Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń kí onílé ọ̀tún, "Ẹ kú ilé o," tí wọ́n ń kí onílé òsì, "Ẹ kú ilé o." Kò sẹ́ni tó kí òun bẹ́ẹ̀ rí.

Ó bá ké sí Ìyá Fẹ́hìntọ́lá, ìyá arúgbó tó máa ń gba ibẹ̀ re oko. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí èmi náà kú ilé."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ilé wo, ọmọ mi? Àwọn igi tó tò sọ́tùn-ún sósì yìí lè ṣe ògiri. Òrùlé ńkọ́?"

Odán ló wà lọ́tùn-ún, Mángòrò ló wà lósì. Bí wọ́n bá tẹ̀ síra wọn díẹ̀, òrùlé dé nìyẹn. Àmọ́ wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé àdúgbò yìí," ni Odán wí. "Kó wá kí mi."

"Èmi tí mò ń so èso jíjẹ?" ni Mángòrò dáhùn. "Òun ni kó kí mi."

Títì bẹ̀ wọ́n títí, ohùn rẹ̀ há. Ló bá bú sẹ́kún. Ẹkún tirẹ̀, eruku lásán ni, ó sì bo gbogbo àdúgbò.

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Fẹ́hìntọ́lá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí kùrukùrù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ríran, ó kúnlẹ̀ sáàárín títì, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, àgbà."

Odán rò pé Mángòrò ló ń kí òun. Mángòrò rò pé Odán ni. Inú àwọn méjèèjì dùn dé gbòǹgbò. Kálukú wọn sáré tẹ̀ síwájú láti gbé ẹnì kejì dìde lórí ìkúnlẹ̀, orí sì kan orí. Ẹ̀ka wọnú ẹ̀ka. Wọ́n fà á títí, kò tú, ẹ̀rín sì pa wọ́n.

Nígbà tí oòrùn yọ, kò rí Títì pa mọ́. Ìyá Fẹ́hìntọ́lá sọ ẹrù kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni Títì dáhùn. Ewé kan sì rọra já bọ́ lé ìyá léjìká.

Láti ọjọ́ náà ni igi ẹ̀gbẹ́ títì ti ń forí korí, tí ẹni tó bá dé abẹ́ wọn á ṣí fìlà, á rọra máa rìn bí ẹni tó wọ yàrá. Bí ìwọ náà bá gba ibẹ̀, kí Títì kú ilé. Ewé kan tó bá bọ́ lé ọ léjìká, Títì ló ń kí ọ káàbọ̀.