Iṣu Tí Ọba Ìgalà Ní Òun Kò Ní Gbà

Ààlọ́ o. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó yáa lọ sílé. Ààlọ́ o.

“Ààlọ̀.”

Lọ́jọ́ tí Ìgalà jọba ẹranko, ó ṣèlérí pé òun kò ní gba iṣu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ni afárá odò bá já. Afárá gba ọ̀wẹ̀, ọ̀wẹ̀ sì gba oúnjẹ.

Ọba ní kí wọ́n mú èlùbọ́ wá, èlùbọ́ kì í ṣe iṣu. Kò tó. Ó ní kí wọ́n mú àsáró wá. Kò tó. Ó ní kí wọ́n kó èèpo pàápàá wá. Ẹ gbè é:

Kí lọba ń gbà lọ́wọ́ wa?
“Iṣu ni o.”

Ìyá àgbà Òkété sọ fún un pé, “Kábíyèsí, iṣu lẹ kúkú ń gbà. Ẹ gbà á ní gbangba, kó lè tó.”

Ìgalà bá jáde. Ó ní, “Ìlérí mi, mo yẹ̀ ẹ́ lónìí. Kí kálukú mú iṣu wá.”

Wọ́n bú u, wọ́n sì mú iṣu wá. Wọ́n ṣe afárá. Títí dòní, wọ́n ṣì ń bú Ìgalà ní òpùrọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi mí níbi tí wọ́n ń dúró sí bú u.

Orí afárá ni.