Olóyè Láṣebìkan Ra Àjákù Irin

Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa, èsì kì í wọ́n ọn. Ajíhìnrere Oyèkànmí, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, fẹ́ ta alùpùpù ńlá tó fi ń wàásù láti ìlú dé ìlú kó lè rí owó ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ṣùgbọ́n Olóyè Láṣebìkan kìlọ̀ fún gbogbo ìlú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ nájà rẹ̀, ó sì wá fúnra rẹ̀. “Ajíhìnrere, ó ti gbó. Àjákù irin ni, iye àjákù ni mo sì máa san, lónìí.” “Ó dáa, Olóyè,” ni Ajíhìnrere wí, ó sì ránṣẹ́ pe Sùnmọ́nù tó máa ń ra àjákù irin kiri. Sùnmọ́nù gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ níwájú èrò, ó ní, “A kì í wọn irin lódidi o. Fífọ́ là ń fọ́ ọ ká tó wọ̀n ọ́n.” Ni Ajíhìnrere bá gba òòlù ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ wá iná iwájú alùpùpù náà, ó sì gbé òòlù sókè. Olóyè fò mọ́ ọn lọ́wọ́. “Ṣé orí ẹ pé? Ẹ́ńjìnnì tí o tọ́jú bí ọmọ ọwọ́ lo fẹ́ fọ́?” “Àjákù ni, Olóyè.” “Àjákù bàbá ta ni? Kò sírú ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí.” Ajíhìnrere rọra sọ òòlù kalẹ̀. “Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbọ́ ẹ̀rí. Ẹni tó sin ín náà ló jí i dìde. Olóyè, ẹ jẹ́ ká wá sọ iye ohun tí kò nírú ẹ̀.” Láàárín ẹ̀rín èrò, Olóyè san án pé. Ọjọ́ tí Ajíhìnrere ti ilé ìwòsàn dé, tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, Olóyè ló kọ́kọ́ rí lórí alùpùpù, tí agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. “Ẹ kú ìrìn o, Olóyè,” ló kí i. “Àjákù wa ńkọ́?”