Ìgbálẹ̀ Àwẹ̀ró àti Ilá Òkè-Ìgbín

Agbálẹ̀-má-ṣẹ́-nǹkan-kù ló gbá oúnjẹ ilẹ̀ dànù,
Ìdí igi tó wà níhòòhò ni oòrùn ń jẹ,
Ọmọ púpọ̀ lórí àwo kan, ebi ní í pa gbogbo wọn;
Àwọn ló dífá fún Àwẹ̀ró, ọmọ Òkè-Ìgbín,
Ọmọ a-fi-ìṣẹ́tí-aṣọ gbé irúgbìn sá fógun,
Níjọ́ tó ń sunkún ilá tí kò so.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, bí ẹ bá gbọ́ orúkọ àwọn awo wọ̀nyẹn dáadáa, ẹ ti gbọ́ ìdajì ìtàn náà. Àwẹ̀ró kò tètè gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ìtàn fi wà.

Ogun ló kó Òkè-Ìgbín. Nígbà tí iná ti mú òrùlé ilé wọn, ìyá Àwẹ̀ró fa ìṣẹ́tí aṣọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó da ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn ilá sí i, ó sì ta á ní kókó. Ó ní ibi tí ilá náà bá ti so, kí ó máa pe ibẹ̀ ní ilé. Àwẹ̀ró di ọwọ́ àbúrò rẹ̀, Àrínpé, mú títí wọ́n fi dé etí odò. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti já. Ó rántí pé ọwọ́ òsì ni òun fi di Àrínpé mú, nítorí ọwọ́ ọ̀tún wà lórí kókó aṣọ. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ó fi ẹsẹ̀ wíwú rìn dé Ìdó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Baálé kan gbà á sílé. Ìyálé ilé náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹ̀kúndayọ̀, fi ilẹ̀ kékeré kan hàn án lẹ́yìnkùlé, láàárín ògiri ilé ìdáná àti ilé adìyẹ, ó ní kí ó gbin ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Ìyá Ẹ̀kúndayọ̀ kì í ṣe ènìyàn búburú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú.

Àlejò kì í fẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀gbin lẹ́yìn òun. Kí àkùkọ tó kọ tán, Àwẹ̀ró ti mú ìgbálẹ̀. Ó gbá iwájú ilé, ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó gbá ìdí ilá rẹ̀ títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi ń dán bí ìsàlẹ̀ àwo. Ewé tó bá já bọ́, ó gbá a. Èèpo iṣu, eérú, ìgbẹ́ adìyẹ, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ dà sí ààtàn. Wọ́n ń yìn ín. Ìyá Ẹ̀kúndayọ̀ ní bí àwọn ìyàwó ilé bá ní ìdajì ìmọ́tótó àlejò yìí, òun ìbá máa sùn fọkàn balẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́ ìyìn náà, ó sì tún ilẹ̀ gbá ní ìrọ̀lẹ́.

Ìdajì irúgbìn ló kọ́kọ́ gbìn. Wọ́n hù, wọ́n ṣù mọ́ra wọn bí irun orí ọmọ tuntun. Kò fa ọ̀kan tu. Lọ́sàn-án gangan, bí ó bá rí i pé ewé wọn ń rọ, á sáré bu omi, á dà á lé wọn lórí. Omi náà á ṣàn lórí ilẹ̀ líle, á gba ẹsẹ̀ ògiri lọ. Àwọn ilá náà ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé wọn pọ́n, wọ́n sì kú láìyọ òdòdó.

Ìyá Ẹ̀kúndayọ̀ wò wọ́n, ó ní, "Àwẹ̀ró, ilẹ̀ rẹ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ilá fi ń tijú àtidúró lórí ẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ ilé ìdáná lọ sunkún. Òkè-Ìgbín kò ní ilé mọ́, kò ní ọjà mọ́. Ohun tó kù nínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé ni irúgbìn tó wà nínú kókó aṣọ yẹn.

Ó tọ àwọn awo lọ. Ó bi wọ́n pé ṣé irúgbìn ìyá òun kò ní run mọ́ òun lọ́wọ́. Wọ́n ní kò ní run bí ó bá rúbọ. Wọ́n ní ohun tó bá gbìn ni yóò pe ẹni tí ń wá a. Wọ́n ní kí ó rú ẹyẹlé, obì àti epo. Ìyẹn kò ṣòro. Wọ́n ní kí ó fi ìgbálẹ̀ tó fi ń gbá ìdí ilá kún un, kí ó sì lọ kó ohun tó ti dà sí ààtàn padà wá sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ojú Àwẹ̀ró yí padà. Wọ́n tún ní bí irúgbìn mẹ́ta bá hù lójú ihò kan, kí ó fa méjì tu, kí ó fi wọ́n bọ́ ìkẹta.

Ibẹ̀ ló ti dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin baba, ogun ti fa àwọn ènìyàn mi tu tó. Ṣé èmi náà ni kí n wá fi ọwọ́ ara mi fa èyí tó kù tu?"

Àgbà inú wọn kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, ogun ń fà tu kí ilẹ̀ lè ṣófo ni. Ìwọ, ààyè lo ń wá fún èyí tí yóò so."

Àwẹ̀ró rú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó gbé ẹyẹlé, obì àti epo kalẹ̀, ó sì mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà sílé. Báwo ni àlejò yóò ṣe kó ààtàn wọ ilé olóore rẹ̀? Ó tún gbìn lára irúgbìn tó kù. Ó ń gbá ìdí wọn, ó ń da omi ọ̀sán lé wọn lórí. Wọ́n kú bíi ti àkọ́kọ́. Ẹbọ ààbọ̀ ló rú, ilá kì í sì í so ní ààbọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ru pàǹtí dé ààtàn. Ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀, ó ń jẹ ewé kan tó tutù yọ̀yọ̀. Àwẹ̀ró wo igi ewé náà, ó rí ilà pupa tí ilá ìlú wọn máa ń ní lára rẹ̀. Ilá Òkè-Ìgbín ni. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló ti gbá irúgbìn kan mọ́ pàǹtí láìmọ̀, ó sì ti hù láàárín èérí, òun nìkan, láìsí ẹni tó bomi rin ín. Kí ó tó lé ewúrẹ́, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́ tán. Kìkì ìdí rẹ̀ ló kù. Àwẹ̀ró fọwọ́ kàn án. Ó nípọn ju àtàǹpàkò rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ó padà sílé, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbé e lọ fún àwọn awo.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sán gangan ló ń fi agbọ̀n ru ààtàn wọlé. Ìyá Ẹ̀kúndayọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àwẹ̀ró, ṣé ilé wa ló di ààtàn ni, àbí ààtàn ló di ilé rẹ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ilẹ̀ ni mò ń fún lóúnjẹ. Ebi ti ń pa á látìgbà tí mo dé."

Èyí tó ti jẹrà, ó rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Ó fi irúgbìn tó gbẹ̀yìn sínú ihò ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó jẹ́ kí ihò kan jìnnà sí èkejì. Nígbà tí wọ́n hù tí wọ́n yọ ewé, ó kúnlẹ̀. Ó wo èyí tó le jù lójú ihò kọ̀ọ̀kan, ó fa méjì yòókù tu jẹ́jẹ́, ó sì tẹ́ wọn sí ìdí ẹnìkejì wọn. Ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ewé gbígbẹ bo gbogbo ilẹ̀ náà. Ìdájí ló ń bomi rin wọ́n, ní ìdí, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí lu ewé wọn, ó fọ́n eérú tútù lé wọn nígbà tí ìrì ṣì wà lára wọn.

Òjò dá lọ́dún náà. Ilá àwọn ará ilé rọ. Àwẹ̀ró sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án, ó ki ìka bọ abẹ́ ewé gbígbẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Kò tíì mí bẹ́ẹ̀ láti etí odò.

Wọ́n yọ òdòdó, wọ́n so. Ilá kúkúrú, olóríkunkun, onílà pupa. Ìyá Ẹ̀kúndayọ̀ fúnra rẹ̀ gbé àwo wá, ó ní òun kò wá tọrọ nǹkan, pé àwo náà ló fẹ́ kí Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró já ilá kún un. Àmọ́ lórí igi kọ̀ọ̀kan ó fi àkọ́so sílẹ̀ kó gbó fún irúgbìn. Ó fa òwú yọ lára ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já. Bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe é ní Òkè-Ìgbín nìyẹn.

Obìnrin kan tó ru ìkòkò tà ń gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá. Ó dúró. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó kí Ìyá Ẹ̀kúndayọ̀ tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ìyá, ta ló so òwú mọ́ ilá yìí?"

"Àlejò wa ni. Má fọwọ́ kàn án o, ó lè gé ọwọ́ ẹni nítorí ẹ̀."

Obìnrin náà ní, "Ìyá tó bí mi náà lè gé e."

Àwẹ̀ró gbọ́ ohùn náà láti ilé ìdáná. Ó jáde. Àrínpé ni. Wọ́n dì mọ́ra wọn. Ìyá Ẹ̀kúndayọ̀ lọ gbé oúnjẹ wá fún wọn.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Àwẹ̀ró sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún fún àbúrò rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìgbé ojú sókè.

Àrínpé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi dì mí mú ni, kí ni ǹ bá fi mọ ilé yín?"

Àwọn méjèèjì ló gbé ilá tútù lọ sọ́dọ̀ àwọn awo. Àwẹ̀ró dúpẹ́, ó ní:

Mo gbọ́ ìkìlọ̀, mo gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀,
Ilẹ̀ jẹun yó, ilá so,
Ilá so, ará ilé mi bá a wọlé.

Ifá ní kí a rúbọ, kí a sì rú u tán. Ẹni tó bá rú ààbọ̀, ọ̀nà kò tíì dí mọ́ ọn. Kí ó padà lọ rú ìyókù. Ní ilé yẹn ní Ìdó-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣì ń gbálẹ̀ láràárọ̀. Bí ìgbálẹ̀ bá ti dé ìdí ilá, wọn a dúró.