Èéfín Ológbò àti Ìgèrè Akàn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dára báyìí. Àlọ́ mi gbéra nílé, ó gba etí òkun, iyanrìn gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò dúró, ó lọ jókòó sídìí ààrò Akàn. Oríyọmí, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára ẹnìkejì rẹ kí a lè bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan, àwọn ẹranko kan tẹ̀dó sí ẹnu ọ̀sà, níbi tí omi òkun àti omi ọ̀sà ti ń pàdé. Abúlé wọn kò tóbi. Oko kò sí níbẹ̀, nítorí iyanrìn kì í hu iṣu. Ẹja ni wọ́n ń jẹ, ẹja náà ni wọ́n sì fi ń gba iyọ̀ àti gàrí. Lọ́dọọdún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn ẹja ọ̀bọ̀kún á gbéra láti inú òkun, wọn á gba ẹnu ọ̀sà wọlé wìtìwìtì láti lọ yé ẹyin. Ọjọ́ díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti kọjá, ó di àmọ́dún. Ẹni tí kò bá rí ẹja yan sílẹ̀ lákòókò náà, ebi ni yóò bá a wọ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹnu ọ̀sà yìí kò fẹ̀. Bí gbogbo ayé bá dẹ ìgèrè sí i, ẹja kankan kò ní rí ọ̀nà wọlé yé ẹyin, ọdún tó ń bọ̀ á sì ṣófo. Ìgèrè, fún ẹ̀yin tí ẹ rò pé inú fíríìjì ni wọ́n ń bí ẹja sí, apẹ̀rẹ̀ gígùn ni tí wọ́n hun, tí ẹja lè wọ̀ tí kò lè jáde. Àwọn àgbà ti dá iye ìgèrè tí a lè dẹ síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ lé. Èéfín ni wọ́n fi ń pín ààyè rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpín, ilé kọ̀ọ̀kan á dáná sídìí ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Lékeléke, tó jẹ́ àgbà omi, á dúró sórí òkìtì iyanrìn, á máa ka èéfín. Èéfín kan, ààyè ìgèrè kan. Wọ́n gbà pé ibi tí èéfín bá ti rú, ẹnu tó ń jẹun wà níbẹ̀.

Akàn ń gbé ní ìpẹ̀kun etídò, níbi tí abúlé ti parí. Opó ni. Ìgbì ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ní àwọn ọmọ. Ẹ má bi mí pé mélòó, òun gan-an kì í kà wọ́n, ó kàn máa ń wò ó bóyá oúnjẹ kárí. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Akàn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn káàkiri, ó ń ṣa igi ìdáná, ó ń kó o sórí àjà. Ó mọ̀ pé ìgbà òjò ni ẹja ń dé, kò sì sí igi gbígbẹ lásìkò òjò.

Ní àárín abúlé ni Ológbò ń gbé, nínú agboolé ńlá kan. Ológbò fẹ́ràn ẹja. Omi ni kò fẹ́ràn. Bí ìrì bá wà lórí koríko, ọ̀nà ibòmíràn ló máa ń gbà. Kò hun ìgèrè rí, kò sì wọ ọkọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó mọ èrò rò.

Lọ́dún kan, ó jókòó, ó ní, "Ta ló sọ pé ààrò kan ni ilé kan gbọ́dọ̀ ní?"

Ó wádìí. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀, nítorí náà kò sí òfin tó kà á léèwọ̀. Ni Ológbò bá bẹ̀rẹ̀ sí to ààrò. Ó to wọn sẹ́yìnkùlé, ó to wọn síwájú ilé, ó to wọn yí kànga ká. Ọ̀kan wà lábẹ́ ibùsùn tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ dáná níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìpín pé, ó kó gbogbo igi ilé rẹ̀ sí i, ó kó èèpo àgbọn tútù lé e kí èéfín lè pọ̀. Nígbà tí igi tán, ó sọ àga rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn àga, ó yọ ilẹ̀kùn. Lékeléke na ọrùn lórí òkìtì, ó ń kà, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

*Ta ló dáná lẹ́nu ọ̀sà?*
*Rúù, èéfín rúù.*
*Ológbò dáná lẹ́yìnkùlé,*
*Rúù, èéfín rúù.*
*Ológbò dáná léti kànga,*
*Rúù, èéfín rúù.*
*Ológbò dáná lábẹ́ ibùsùn,*
*Rúù, èéfín rúù.*
*Akàn ńkọ́, ọlọ́mọ yọyọ?*
*Rúù, èéfín rúù.*

Kí Lékeléke tó ka dé ìpẹ̀kun etídò, ààyè ti tán. Akàn gun òkìtì iyanrìn lọ bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba. Èmi náà dáná."

"Mo rí i," ni Lékeléke wí. "Èéfín rẹ rú dáadáa."

"Ààyè tèmi dà?"

"Ààyè ti tán."

"Ta ló gbà á?"

"Ológbò."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀ tí kò gbà. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló gba ìyẹn."

Akàn wo agboolé Ológbò. Èéfín bò ó débi tí a kò rí ilé mọ́.  Wọ́n tẹ̀ lé àṣà, wọ́n kà á bó ṣe yẹ kí wọ́n kà á, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì fi ebi sùn. Ó dùn ún gan-an. Ó yí padà, ó fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sí ilé Ológbò.

Ológbò gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Wọ́n dúró, torí àga ti jóná.

"Ìyá ọlọ́mọ, ààyè kì í ṣe ìṣòro," ni Ológbò wí. "Mo ní ààyè. Ẹ wá bá mi dẹ ìgèrè. Ẹ ó máa mú orí."

"Orí kí ni?"

"Orí ẹja. Èmi á mú ìyókù."

Akàn ronú sí i. Àwọn ará etídò yòókù, tí wọn kò rí ààyè gbà bíi tirẹ̀, ti ń tò sílé Ológbò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ní ìgèrè kò ní ààyè, ẹni tó ní ààyè kò ní ìgèrè. Inú Akàn bàjẹ́, ó sì gbà, nítorí àwọn ọmọ.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ṣọ̀ọ̀. Ọ̀bọ̀kún wọlé. Akàn àti àwọn ará etídò wà nínú omi láti àárọ̀, wọ́n ń fa ìgèrè, wọ́n ń da ẹja sí èbúté. Ológbò jókòó lábẹ́ àtíbàbà kan, ó ká ìrù rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ rọra," ló ń wí. "Omi ń ta sí mi lára."

Nígbà tó di ọ̀sán, òkìtì ẹja Ológbò ti ga ju àtíbàbà lọ. Ó yí i ká, ó wò ó. Inú rẹ̀ dùn, kò sì fi pa mọ́. Ó ní, "Ó yá, ẹ bá mi yan án."

Akàn ní, "Igi dà?"

Ológbò wo ilé. Kò sí igi. Kò sí àga. Ẹnu ọ̀nà tó yẹ kí ilẹ̀kùn wà ń wo òun náà. Ààrò rẹ̀ kún fún eérú tútù, gbogbo igi tó wà nínú igbó sì ń kán omi tótó. Eṣinṣin kan bà lé ẹja. Ológbò lé e. Òmíràn bà.

"Ìyá ọlọ́mọ," ni Ológbò wí, "mo gbọ́ pé ẹ ní igi gbígbẹ lórí àjà."

"Mo ní i."

"Ẹ kó o wá. Màá fi ìrù kún orí fún yín."

Akàn mirí.

"Ó dáa, ìdajì. Ẹ mú ìdajì òkìtì yìí, kí èmi mú ìdajì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan o. Ẹ má jẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́."

Akàn wo ìdajì òkìtì náà. Kò rí irú ẹja bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó rí ẹ̀ẹ̀rùn kan tí àwọn ọmọ kò ní sunkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ yà sí ọ̀nà ilé láti lọ kó igi. Ibi tó yà sí gan-an ni àwọn ará etídò dúró sí nínú òjò, orí ẹja lọ́wọ́ oníkálukú. Àwọn náà ní ọmọ. Àwọn náà ní igi lórí àjà. Kò lè kọjá láàárín wọn.

Ó yíjú sí Ológbò. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n wò kí wọ́n tó fún yín ní ààyè?"

"Èéfín."

"Èéfín náà dà?"

Àwọn ará etídò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọn nílé pé kí wọ́n dáná. Akàn àti àwọn ará etídò bá gun òkìtì iyanrìn lọ, wọ́n ní kí Baba jọ̀wọ́ wá tún èéfín kà. Lékeléke na ọrùn. Ẹ gbè é:

*Ta ló ń yan ẹja lónìí?*
*Rúù, èéfín rúù.*
*Ológbò kò dáná mọ́,*
*Rúù, èéfín rúù.*
*Ààrò tutù léti kànga,*
*Rúù, èéfín rúù.*
*Ará etídò ló ní igi,*
*Rúù, èéfín rúù.*

Oríyọmí, "rúù" ni mo ní, n kò ní kí o hu bí ìkookò.

Lékeléke ní, "Ológbò, mi ò rí nǹkan kan nílé rẹ."

"Òjò ló ń rọ̀, Baba."

"Òjò ń rọ̀ sórí ilé Akàn náà."

Lékeléke sọ̀ kalẹ̀ lórí òkìtì, ó fẹsẹ̀ rìn wọ agboolé Ológbò. Ó wo ààrò léraléra, ó wo èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn. Kò sí àwo ju ẹyọ kan lọ ní gbogbo ilé. 

"Èéfín ni mo kà," ló wí. "Mi ò ka ẹnu."

Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ààyè padà. Lékeléke rìn láti ilé dé ilé, ó ń wo ẹni tó yí iná ká, ó ń fún oníkálukú ní ààyè kan. Ọ̀wọ́ ọ̀bọ̀kún tó kẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Wọ́n fẹ́ fún Akàn ní méjì nítorí pé òun ló béèrè ìbéèrè. Ó ní ààrò kan lòun ní. Ó dẹ ìgèrè rẹ̀, ẹja wọ̀ ọ́, ó yan án, ó kó o sórí àjà níbi tí igi wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn ọdún náà, oúnjẹ kárí.

Ológbò kò rí ààyè kankan gbà lọ́dún náà, nítorí kò ní ìgèrè tó fẹ́ dẹ síbẹ̀. Wọ́n ní òkìtì ẹja tó wà ní èbúté, tirẹ̀ ni, kó máa kó o lọ. Ẹja náà kò dúró dè é. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń rùn fìn-ìn. Àwọn ará abúlé ní kó wá nǹkan ṣe sí i. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà nídìí iná. Ológbò bá fi èékánná ara rẹ̀ wa iyanrìn, ó kó ẹja sí i, ó bò ó. Ó gbóòórùn, ó tún bò ó. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́, bóyá ẹnì kan ń wò ó. Gbogbo abúlé ló ń wò ó.

Ibi tí àlọ́ mi gúnlẹ̀ sí nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹja alẹ́ yìí korò lẹ́nu mi. Ẹ gbé àwo yẹn wá kí n tọ́ ọ wò. Kò korò.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ohun tí omi bá mú wá fún gbogbo ìlú, gbogbo ìlú ló ni ín. Kí ẹnikẹ́ni má gba ààyè tí kò lè lò, kó wá máa fi orí ẹja ta ọmọ ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹni tí wọ́n bá sì fi ṣe olùpín, kó wọ inú ilé lọ wò. Bí ẹ bá sì rí ológbò lẹ́yìnkùlé lọ́la, tó ya ìgbẹ́ tán, tó ń wa ilẹ̀ bò ó, tó ń wo ọ̀tún wo òsì, ẹ máa bá tiyín lọ. Ó ti mọ̀ pé a rí òun.