Ìdí Tí Adìẹ Fi Ń Tú Oúnjẹ Rẹ̀ Ká Kó Tó Jẹ Ẹ́

Nígbà láéláé, kí adìẹ tó mọ ohun tí èékánná wà fún, jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa ń jẹun bí àlejò.

Adìẹ kan wà nígbà náà lábẹ́ àgò Bàbá Ọ̀jẹ́lékè, àgbẹ̀ ọlọ́sìn. Àràárọ̀ ni Bàbá ń bu àgbàdo sínú àpáàdì fún un. Òjò kì í pa á, àṣá kì í rí i. Ṣùgbọ́n agbára káká ló fi ń yí ara padà níbẹ̀. Láti ojú ihò àgò ló ti ń wo ilẹ̀ ìta lójoojúmọ́. Kò sí ohun mìíràn tó wù ú láyé.

Lọ́jọ́ kan, Àrìnpé tó máa ń ra ẹyin lọ́wọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ àgò.

"Bàbá, ẹ̀wọ̀n lẹ fi adìẹ yìí sí o."

"Ẹ̀wọ̀n kẹ̀? Ó yó, kò ṣàìsàn, ó ń yé ẹyin. Èmi tí mo ni ín gan-an, òjò ń pa mí lóko."

"Adìẹ tí kì í rìn, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ẹran rẹ̀ kì í sì í dùn."

"Ẹn-ẹ́n! Mo ti ń retí ìgbà tí o máa dé orí ọbẹ̀."

Wọ́n jiyàn títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí adìẹ wà níta títí di ọjọ́ ọjà, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Bí ó bá lo ilẹ̀, tó ń wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ìta ni yóò máa wà lójú ọ̀sán. Bí kò bá lò ó, abẹ́ àgò ni títí ayé. Wọn kò bi adìẹ léèrè.

Adìẹ jáde, ó na ìyẹ́. Àánú ṣe Bàbá, ó gbé àpáàdì àgbàdo sẹ́nu ọ̀nà kí ebi má baà pa á. Àrìnpé náà ń gbé èérún iṣu wá, kí adìẹ má baà rù. Ọmọlúàbí ni adìẹ. Wọ́n ní kó jẹun, ó dúró ti àpáàdì, ó ń jẹun.

Alángbá pè é láti orí ògiri. "Ìyá Adìẹ, ikán wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn o."

"Mo ti yó."

"O ó yó wọ abẹ́ àgò ni."

Ní ọjọ́ karùn-ún, Bàbá gbé àgò dé.

"Àrìnpé, wò ó. Ìdí àpáàdì ló dúró sí láti ọjọ́ yìí. Kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe?"

Ó gbé àgò sókè láti fi dé adìẹ.

Adìẹ rí òjìji àgò lórí ara rẹ̀. Ló bá fò sínú àpáàdì, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún họ ọ́, ó fi tòsì họ ọ́. Àgbàdo fọ́n dé irùngbọ̀n Bàbá. Adìẹ bọ́ sílẹ̀, ó ń họ, erùpẹ̀ ń sọ. Ikán yọ, ó ṣà á mì.

"Kí lò ń ṣe yìí?" ni Bàbá béèrè.

"Mò ń lo ilẹ̀, Bàbá." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Bàbá gbọn irùngbọ̀n, ó gbé àgò padà sẹ́yìnkùlé. Ó ní alẹ́ nìkan ni òun yóò máa dé e, nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Àrìnpé ní ohun tí òun ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Bàbá ní kò sọ ọ́. Ni iyàn mìíràn bá bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń fi ẹsẹ̀ tú oúnjẹ ká kó tó ṣà á jẹ. Bí ẹ da àgbàdo sí i níwájú lórí sìmẹ́ńtì pàápàá, yóò kọ́kọ́ họ sìmẹ́ńtì náà dáadáa, kí ẹni tó ń wò ó má baà ní kò lo ilẹ̀.