Bí Ìjàpá Ṣe Fi Orúkọ Gbé Yunifásítì Ga

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò lè lọ sókè lónìí. Ó rẹ̀ mí. Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò sáré, kò fò, ẹsẹ̀ ń dùn ún bó ṣe ń dun èmi tí mò ń pa á. Ó wọ́ títí, ó wá jókòó sórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ohun tó ṣe ọ̀fun Ìjàpá, kó fi pamọ́ sínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí n lọ sùn.

Láyé àtijọ́, àwọn ẹranko Igbó Eléwé ní yunifásítì tiwọn, Erin sì ni gíwá ibẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, Lékèélékèé a máa fò yí gbogbo igbó ká láti mọ ilé ẹ̀kọ́ tí ìwádìí rẹ̀ dára jù. Ohun tó fi ń mọ̀ ọ́n ni iye ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá dárúkọ ara wọn nínú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wúlò fún ẹlòmíràn, wọn á dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Lọ́dọọdún náà, Igbó Eléwé ló ń gbẹ́yìn. Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ tí kò ní òrùlé, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn nínú ẹrẹ̀, wà níwájú wọn.

Ojú ń ti Erin. Ó pe ìpàdé, ó tún pe ìpàdé lórí ìpàdé tó pè. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dàgbà tí ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, ẹ ó rántí mi.

Ní ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé yìí, Òòrẹ̀ dìde. Olùkọ́ ni, ìwádìí ewé àti egbò ló ń ṣe. Ó ní kò sí omi nílé ìwádìí, odò lòun ti ń pọn ọ́n. Ó ní àwọn olùkọ́ kò ráyè ronú, nítorí ìpàdé ni wọ́n ń bá kiri. Kí wọ́n dá àsè ọdọọdún dúró, kí wọ́n fi owó rẹ̀ gbẹ́ kànga. Erin mi orí, ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn yóò pẹ́.

Ẹni tó gbọ́ "yóò pẹ́" tínú rẹ̀ dùn ni Ìjàpá.

"Gíwá, kí ni Lékèélékèé ń kà?" ni Ìjàpá wí. "Ṣebí orúkọ ni. Ẹ jẹ́ ká máa dárúkọ."

"Orúkọ ta?"

"Orúkọ ara wa ni. Ká bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi, kó má baà dojú rú."

Bó ṣe dòfin nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣèwádìí, kó tó gbé e síta, ó gbọ́dọ̀ sọ pé Ìjàpá ló ti kọ́kọ́ wí i. Ó fi orin sí i, wọ́n ń kọ ọ́ láràárọ̀. Ẹ bá mi gbè é, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èmi nìkan kọ ọ́:

Ta ló kọ́kọ́ wí i?
*Ìjàpá ló wí i.*
Ta la gbọ́ lẹ́nu rẹ̀?
*Ìjàpá ló wí i.*

Adán ṣèwádìí òkùnkùn, ó ní Ìjàpá ló wí i, Ìjàpá tó máa ń sùn kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀bọ ṣe ti ṣóńṣó igi, ó ní Ìjàpá ló wí i, ẹni tí kò gun òkìtì rí. Ẹja náà ṣe ti ìsàlẹ̀ odò. Ẹ mọ ẹni tó wí i.

Nígbà tí Lékèélékèé dé, ó kà á títí, ẹnu yà á. Igbó Eléwé fò kọjá Ọ̀pọ̀lọ́, ó fò kọjá àwọn mìíràn, ó bọ́ síwájú. Wọ́n sè, wọ́n jẹ. Wọ́n fi Ìjàpá jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà. Ó jẹun débi pé ṣe ni Yánníbo ń yí i lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rántí kànga mọ́. Ta ni yóò gbẹ́ kànga nígbà tí wọ́n ti wà níwájú?

Òòrẹ̀ nìkan ni kò kọrin, nítorí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ikọ́ kan wọ̀lú, ikọ́ tó ń gba ohùn lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó máa ń kọrin látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òòrẹ̀ ìyá rẹ̀ ti rí egbò kan tó lè wò ó, ṣùgbọ́n oró wà lára egbò náà. Rírẹ ni, bí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, ká da omi rẹ̀ nù, ká tún rẹ ẹ́. Títí di ìgbà wo? Òòrẹ̀ kò tíì mọ̀. Ó kán an sí ahọ́n ara rẹ̀, ahọ́n náà kú títí ilẹ̀ fi ṣú. Láràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń fojú bi í bóyá ó ti tó mu, láràárọ̀ ló ń dáhùn pé kò tíì tó. Ó ń dun ìyá yìí gan-an.

Lọ́jọ́ kan tí Òòrẹ̀ lọ pọn omi lódò, Ìjàpá yà sílé rẹ̀. Ó rí ìkòkò, ó gbóòórùn egbò. Ó ti gbọ́ pé àwọn ọmọ Lékèélékèé náà ń wúkọ́, àti pé bàbá wọn ń bọ̀ wá wá ìwòsàn lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà. Kò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ìkòkò, ó di gbọ̀ngàn yunifásítì.

Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Lékèélékèé, àlejò tó ti dé, ó ní àgbo ikọ́ rèé, òun lòun wádìí rẹ̀. Inú Erin dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ gbé ọmọ Òòrẹ̀ wá, kó mu ún lójú àlejò. Wọ́n gbé Àwẹ̀ró dé. Bí ọmọ náà ṣe rí àgbo, ó nawọ́ sí i.

Òòrẹ̀ ti dé láti odò, kò bá ìkòkò, kò bá ọmọ. Gbogbo ẹ̀gún ara rẹ̀ ló dìde bó ṣe ń wọ gbọ̀ngàn.

"Ẹ má fún un," ló wí. "Kò tíì tó mu."

Ìjàpá ní ìlara ni. Òòrẹ̀ kò wo ojú rẹ̀. Erin ló kọjú sí.

"Gíwá, ta ló ní àgbo yìí?"

Gbogbo ilé dáhùn bí wọ́n ti ń ṣe láràárọ̀: "Ìjàpá ló wí i."

"Ó dáa. Ẹni tó bá gbé ohun mímu kalẹ̀ fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kó tọ́ ọ wò."

Lékèélékèé ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé òun náà. Ojú gbogbo wọn yí sí Ìjàpá. Ká ní ó sọ pé òun kò mọ iṣẹ́ yìí ni, ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi orúkọ rẹ̀ sí gbogbo nǹkan, èwo ni yóò kọ́kọ́ sẹ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní tọ́ ọ wò lásán, òun á mu ún. Ó bu igbá kan, ó gbé e mì gbùú.

Ó la ẹnu láti dá orin rẹ̀. Ṣííì ló jáde. Ó tún la ẹnu. Ṣííì. Ọ̀fun rẹ̀ ti kú, kò sì jí mọ́.

Àwẹ̀ró ń sunkún tí a kò gbọ́, ó rò pé wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ òun ni. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra. Lékèélékèé yọ gbogbo orúkọ Ìjàpá kúrò, Igbó Eléwé sì padà sẹ́yìn Ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, Erin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àárẹ̀ ti mú un. Ó bi Òòrẹ̀ pé kí ló fẹ́.

"Omi, Gíwá. Àti àkókò. Ẹ má sì pè mí sípàdé mọ́."

Wọ́n gbẹ́ kànga. Kò sí àsè lọ́dún yẹn, kò sí lọ́dún kejì. Òòrẹ̀ ń rẹ ẹ́, ó ń dà á nù, títí ahọ́n rẹ̀ kò fi kú mọ́. Òun ló kọ́kọ́ mu ún kó tó fún ọmọ rẹ̀. Ikọ́ Àwẹ̀ró lọ, ti àwọn ọmọ Lékèélékèé náà sì lọ. Ohùn rẹ̀ padà, ó há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà. Láti igbó jíjìn ni wọ́n ti wá kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n ń dárúkọ Òòrẹ̀ láìsí ẹni tó fi orin kọ́ wọn. Nígbà tí Lékèélékèé tún kà á, Igbó Eléwé wà láàárín. Iwájú ṣì jìnnà. Erin ní àárín náà dára.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí rèé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ewúrẹ́ ń ké, ẹyẹ ń dún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá di Ìjàpá mú, á fa orí wọlé, ṣííì lẹ ó gbọ́. Ẹni tí gbogbo ayé ń dárúkọ rẹ̀ nígbà kan, kò lè dárúkọ ara rẹ̀ mọ́. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ọ̀fun tèmi náà kú. Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ mi? Ó dáa. Ẹ lọ sùn.