Kọ̀ǹpútà Olóyè Ọláṣebìkan

"Jẹ́ kó rìn ná, ká tó yìn ín." Ní àdúgbò wa ní Ìkirè, kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Àwọn kan á ní ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni wọ́n fi pa á. Àwọn mìíràn á ní ẹṣin ni. Kì í ṣe ọmọ, kì í sì í ṣe ẹṣin. Kọ̀ǹpútà ni, ìṣojú mi ló sì ṣe.

Aláyẹ̀wò ilé-ìwé ni Olóyè Ọláṣebìkan kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ wò, kò sì sí ohun tí kò lè rí àléébù lára rẹ̀, àfi èrò ọkàn ara rẹ̀. Adùnọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sá eré irínwó mítà níbi ìdíje àwọn yunifásítì, ó sì tẹ bàbá rẹ̀ láago pé òun gba àmì-ẹ̀yẹ. Kò tíì sọ irú èyí tó gbà tí Olóyè fi pa fóònù, tó bọ́ sí ìta, tó ń kígbe pé ọmọ òun ṣe ipò kìíní.

Màmá Àṣàkẹ́, ìyá Olóyè, ló tọ́ Adùnọlá dàgbà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni, orúnkún kò sì jẹ́ kó lè lọ wo eré náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: "Kí n tó kú, ẹ jẹ́ kí n rí ọmọ mi bó ṣe ń sáré."

Olùkọ́ eré ìdárayá fi fídíò ránṣẹ́ nínú fláàṣì. Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka òógùn iwájú orí àwọn eléré. Fóònù Olóyè kò lè ṣí i, tẹlifíṣàn rẹ̀ náà kò lè ṣí i. Wọ́n ní kó lọ ra kọ̀ǹpútà kékeré, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣàn.

Ní Ìbàdàn, obìnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà, tó ń jẹ́ Rọ́fíátù, gbé méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan dúdú, ó sì ki bíi búrẹ́dì. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, iná aláwọ̀ aró kan sì ń tàn ní etí rẹ̀.

"Bàbá, dúdú yìí ni kí ẹ mú," ni Rọ́fíátù wí. "Fídíò tó bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo. Ọpọlọ èyí tó ń dán yìí kò lè gbé e, lẹ́tà kíkọ ni wọ́n ṣe é fún. Ṣé fláàṣì náà wà lọ́wọ́ yín? Ẹ jẹ́ ká fi dán méjèèjì wò."

Fláàṣì wà nínú àpò agbádá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo àpò náà.

"Èmi lo fẹ́ kọ́ ní àyẹ̀wò, ìwọ ọmọ yìí? Àwọn èèyàn pàtàkì ń bọ̀ wá jókòó ní pálọ̀ mi, o ní kí n gbé búrẹ́dì tó jóná sábẹ́ tẹlifíṣàn!"

Ó ra èyí tó ń dán.

Ní ọ̀sán Sátidé, a tó èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní pálọ̀ Olóyè, tí a ń jẹ dòdò. Ó kọ́kọ́ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yin kọ̀ǹpútà: kò gba àyè, kò pariwo, àtẹ́lẹwọ́ lásán ló gbà á. A pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì tàn. Lẹ́yìn náà ló tàn án.

Ìbọn dún, Adùnọlá ta jáde. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó dúró. Ariwo àwọn òǹwòran ń lọ, òun kò lọ. Ó tún fò díẹ̀, ó tún dúró. Nígbà tó yọ sí ìpẹ̀kun eré, tó wà níwájú gbogbo wọn, ó dúró pátápátá, ẹsẹ̀ ọ̀tún lókè, ẹnu ní yíyà. Kọ̀ǹpútà ti gbóná bí ìdí irin ìlọṣọ.

Ojú kì í tètè ti Olóyè. "Ẹ wò ó fúnra yín! Ta ló wà níwájú?"

"Adùnọlá ni!" ni àwa àlejò dáhùn, a sì tún pàtẹ́wọ́.

Màmá Àṣàkẹ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó na ọrùn sí tẹlifíṣàn. "Ọláṣebìkan, kí ló ṣe ọmọ mi? Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni?"

"Rárá, Màmá. Ó ti borí."

"Ẹni tó dúró sójú kan ló borí? Mo ní mo fẹ́ rí bó ṣe ń sáré, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kò tíì sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Jẹ́ kó rìn ná, ká tó yìn ín!"

Ó fi etí ìró nu ojú, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sí yàrá. Olóyè kò lè gbé ojú sókè.

Ní ọjọ́ Ajé, ó padà sí Ìbàdàn. Ó na fláàṣì sí Rọ́fíátù: "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, dán an wò kí n rí i." Èyí dúdú gbé fídíò náà láìmí gúlegúle, Olóyè sì dúró wò ó dópin. Ibẹ̀ ló ti rí i pé nígbà tó ku ẹsẹ̀ méjì péré, ọmọbìnrin gíga kan kọjá Adùnọlá. Ipò kejì ni. Olóyè kó owó jáde. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bá mi wé e."

Àwa kan náà ló tún pè. Kò sọ̀rọ̀ rárá lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn tan ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Adùnọlá sọ̀ kalẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́ sì fi igbe ta: "Sá, ọmọ mi, sá!" Nígbà tí ọmọ gíga nì kọjá, ìyá ní, "Kò burú, ẹsẹ̀ tìyẹn ló gùn." Ìgbà mẹ́rin ló ní kí wọ́n tún un ṣe, ní ìgbà kẹrin ó ṣì ń pariwo bí ẹni pé Adùnọlá ṣì lè bá a.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń yin kànga tí kò tíì sun omi, tàbí àna tí kò tíì gbé ọmọ wọn níyàwó, tàbí olóṣèlú tí kò tíì dé orí àga, àwọn àgbà á ní: "Jẹ́ kó rìn ná, ká tó yìn ín." Olóyè Ọláṣebìkan ló ń pa á jù láàárín wọn, ó sì máa ń pa á bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀.